Bí a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ àpèjúwe láti Gẹ̀ẹ́sì lọ sí èdè Románíà: ìtọ́sọ́nà fún ọmọ Yorùbá

Good lásán ni Gẹ̀ẹ́sì mọ̀, ì báà jẹ́ ọkùnrin là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ obìnrin, ì báà jẹ́ ẹyọ kan tàbí ogún. Tí good bá dé èdè Románíà, mẹ́rin ló ń dà: bun, bună, buni, bune. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń sọ pé èdè náà ti sú wọn. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n sì fi ń ronú kí wọ́n tó la ẹnu.

Ìmọ̀ràn tèmi yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ohun tí ẹ fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè, kó parí síbẹ̀. Tó bá di pé kí ẹ to ọ̀rọ̀ pọ̀, Yorùbá ni kí ẹ fi ronú, torí níbi púpọ̀ ó sún mọ́ èdè Románíà ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwọn ibi tí Yorùbá náà ti lè ṣì wá lọ́nà wà o, mo sì máa tọ́ka sí wọn bí a ṣe ń lọ.

Ẹni tó ń lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní àwọn ìlú Románíà bíi Cluj-Napoca, Iași tàbí Timișoara máa nílò èyí. Bí olùkọ́ tilẹ̀ ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni ní kíláàsì, aláìsàn tó wà lórí ibùsùn kò ní fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ibi tó ń dùn ún. Ọdún ìmúrasílẹ̀ tún wà, èyí tí wọ́n ń pè ní anul pregătitor, tí àlejò máa fi kọ́ èdè kó tó wọlé sí kíláàsì tí wọ́n ti ń fi èdè Románíà kọ́ni. Èdè yìí kan náà ni wọ́n ń sọ ní orílẹ̀-èdè Moldova. Ní ọdún 2023, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn pàṣẹ pé kí wọ́n máa pè é ní èdè Románíà nínú gbogbo òfin ilẹ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ jẹ́ kí ẹnu mọ lẹ́tà

Lẹ́tà márùn-ún ló ní àmì: ă, â, î, ș, ț. Ẹ ti mọ ș láti ilé, ṣ tiwa gan-an ni lẹ́nu. Ț ni t àti s tí a pè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ă jẹ́ ohùn kúkúrú tí kì í ṣe a, tí kì í ṣe ẹ, bí èyí tí àwọn Òyìnbó fi ń parí sofa. Â àti î jẹ́ ohùn kan náà: ẹ ṣe bí ẹni fẹ́ pe i, kí ẹ wá fa ahọ́n sẹ́yìn láìká ètè jọ. Î máa ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí ọ̀rọ̀, â máa ń wà láàárín.

Tí c bá ṣáájú e tàbí i, bí ìbẹ̀rẹ̀ church ni yóò dún. G níbẹ̀ yóò dún bí j wa. Tí h bá bọ́ sáàárín, ohùn k àti g yóò padà. Nítorí náà, mici dún bí "mich", àmọ́ vechi dún bí "vek" tí i kékeré kan tẹ̀ lé. I tó parí ọ̀rọ̀ kì í sábà dún ketekete. Ẹ má pe buni ní bu-ni. Bun ni, pẹ̀lú i tí ẹnu kàn fọwọ́ kàn. I fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí ló sì ń sọ fún ẹni tó ń gbọ́ pé ó ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà ẹ má gbé e mì pátápátá.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù: ohùn ș àti ṣ jọ ara wọn, ṣùgbọ́n lẹ́tà méjì ni wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Kọ́mà ló wà lábẹ́ tiwọn. Tí ẹ bá fi ṣ Yorùbá kọ frumoși, ìwé atúmọ̀ èdè orí íntánẹ́ẹ̀tì lè má dá a mọ̀. Ẹ fi kíbọọ̀dù tí wọ́n kọ Română sí lára kún èyí tí ẹ ní.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ohun náà ṣáájú, àpèjúwe tẹ̀ lé e

Gẹ̀ẹ́sì ní a big house. Yorùbá ní ilé ńlá. Románíà ní o casă mare, níbi tí o ti jẹ́ "kan", casă jẹ́ ilé, mare sì jẹ́ ńlá. Omi tútù ni apă rece. Ọ̀rẹ́ tuntun ni un prieten nou. Bí a ṣe ń tò ó nílé ni wọ́n ṣe ń tò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ un nou prieten ní gbogbo ìgbà, Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá a jà.

Wọ́n máa ń gbé àpèjúwe síwájú nígbà mìíràn, tí wọ́n bá fẹ́ tẹnu mọ́ ọn tàbí tí wọ́n fẹ́ kí ìtumọ̀ yí padà. Ìyípadà ìtumọ̀ yìí ló yẹ kí ẹ ṣọ́:

un om mare ni àgbàlagbà tàbí ẹni tó fìrìgbọ̀n. Un mare om ni ẹni tó ṣe gudugudu méje láyé.
un om singur ni ẹni tó dá nìkan wà. Un singur om ni ẹnì kan ṣoṣo.
o mașină nouă ni ọkọ̀ tuntun. O nouă mașină lè jẹ́ ògbólógbòó, ohun tó ṣáà wà ni pé ọkọ̀ mìíràn ni.
cărți diferite ni àwọn ìwé tí kò jọra. Diferite cărți ni oríṣiríṣi ìwé.
o întrebare simplă ni ìbéèrè tó rọrùn. O simplă întrebare ni ìbéèrè lásán, tí kò ní ọ̀ràn nínú.

Poor tún ní tirẹ̀. Om sărac ni tálákà. Ṣùgbọ́n tí àánú ẹnì kan bá ṣe yín, tí ẹ fẹ́ sọ pé "ọkùnrin yìí mà ṣe o", bietul om ni. Iwájú ni biet ń gbé. Títí tí etí yín yóò fi mọ́ra, ẹ máa fi gbogbo àpèjúwe yòókù sẹ́yìn, ẹ kò ní ṣì í púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Mọ akọ, mọ abo, mọ èyí tó ń ṣe méjèèjì

Níbí ni Yorùbá ti fi wá sílẹ̀. "Ó" ni a ń pe ọkùnrin, "ó" ni a ń pe obìnrin, "ó" náà ni àga. Ní èdè Románíà, gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ ló wà ní ọ̀kan nínú ìdílé mẹ́ta, àpèjúwe sì gbọ́dọ̀ wọ aṣọ ìdílé tó bá lọ.

Akọ: un băiat bun, doi băieți buni, ìyẹn ọmọkùnrin dáadáa kan, ọmọkùnrin dáadáa méjì.
Abo: o fată bună, două fete bune.
Ìdílé kẹta ń ṣe bí akọ tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ó sì ń ṣe bí abo tó bá di púpọ̀: un telefon scump ni fóònù wíwọ́n kan, méjì wá di două telefoane scumpe. Ife òfìfo kan ni un pahar gol, méjì ni două pahare goale.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ "telefon" nìkan sínú ìwé rẹ̀. Kó kọ "un telefon, două telefoane". Un àti o ń sọ ẹyọ, doi àti două ń sọ ọ̀pọ̀. Tí ẹ bá rí un níwájú tí ẹ sì rí două lẹ́yìn, ìdílé kẹta nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó bá parí sí ă sábà máa ń jẹ́ abo, ṣùgbọ́n tată, bàbá, jẹ́ akọ, kò sì sí ẹni tí ìyẹn yóò yà lẹ́nu. Èyí tó parí sí kọ́ńsónáǹtì lè jẹ́ akọ tàbí ìdílé kẹta. Èyí tó parí sí e kò ṣeé fọkàn tán: carte, ìwé, jẹ́ abo; câine, ajá, jẹ́ akọ; nume, orúkọ, wà ní ìdílé kẹta.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà wà lábẹ́ òfin yìí. Ọkùnrin tó ti rẹ̀ yóò ní Sunt obosit, obìnrin yóò ní Sunt obosită. Tí bàbá àti ìyá bá jọ rẹ̀, akọ ló máa borí: Mama și tata sunt obosiți. Ọkùnrin kan ṣoṣo láàárín obìnrin mẹ́wàá tó láti sọ àpèjúwe gbogbo wọn di akọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ńkọ́? Wọ́n ní dumneavoastră, tí a lè fi wé "ẹ" tí a ń lò fún àgbà. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá a rìn máa ń jẹ́ ti ọ̀pọ̀, bíi tiwa. Ṣùgbọ́n àpèjúwe kò bá a lọ síbẹ̀. Ẹyọ ló máa jẹ́, yóò sì tẹ̀ lé bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ẹni náà. Ẹ ó sọ fún dókítà ọkùnrin pé Sunteți foarte amabil, domnule doctor, ẹ ó sì sọ fún ìyá kan pé Sunteți foarte amabilă, doamnă. Tí ẹ bá ní amabili fún ẹnì kan ṣoṣo, wọn á mọ̀ pé àlejò ni yín.

Ẹni tó bá ń rò pé Yorùbá kì í yí àpèjúwe padà fún ọ̀pọ̀, kó tún un rò. A ń sọ ilé ńlá, a sì ń sọ àwọn ilé ńláńlá. Ọmọ kékeré, àwọn ọmọ kéékèèké. Ohun tí àwa ń fi àpètúnpè ṣe ni wọ́n ń fi ìparí ọ̀rọ̀ ṣe. Akọ àti abo nìkan ló jẹ́ tuntun sí wa.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ pín àpèjúwe sí agbo mẹ́rin

Agbo tó ní ìrísí mẹ́rin ló pọ̀ jù. Bí mo ṣe tò wọ́n nìyí: akọ kan, abo kan, ọ̀pọ̀ akọ, ọ̀pọ̀ abo.

good: bun, bună, buni, bune
white: alb, albă, albi, albe
beautiful, handsome: frumos, frumoasă, frumoși, frumoase
tall: înalt, înaltă, înalți, înalte
cheap: ieftin, ieftină, ieftini, ieftine
black: negru, neagră, negri, negre
blue: albastru, albastră, albaștri, albastre
young: tânăr, tânără, tineri, tinere
bad: rău, rea, răi, rele
sick: bolnav, bolnavă, bolnavi, bolnave
fresh: proaspăt, proaspătă, proaspeți, proaspete

Ẹ wo bí ara ọ̀rọ̀ ṣe ń yí, kì í ṣe ìparí nìkan. O máa ń di oa níwájú ă: frumos, frumoasă. E máa ń di ea: negru, neagră. Tí i ọ̀pọ̀ akọ bá dé, t á di ț, d á di z, s á di ș, str á di ștr. Scund, tí í ṣe ẹni kúkúrú, á di scunzi. L máa ń pòórá pátápátá nígbà mìíràn: gol, goală, goi, goale. Kò sí ìdí láti há èyí sórí bí òfin ìṣirò. Ẹ kà á sókè pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀ lé, ẹnu yóò gbà á.

Agbo tó ní ìrísí mẹ́ta máa ń so ọ̀pọ̀ akọ àti ọ̀pọ̀ abo pọ̀: mic, mică, mici fún kékeré, lung, lungă, lungi fún ohun tó gùn, nou, nouă, noi fún tuntun, roșu, roșie, roșii fún pupa. Àwọn tó parí sí esc wà níbí: românesc, românească, românești, ìyẹn ohun tó jẹ́ ti Románíà. Fún ara yín, ẹ padà sí agbo ìrísí mẹ́rin: nigerian, nigeriană, nigerieni, nigeriene. Lẹ́tà kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ńlá bíi ti Gẹ̀ẹ́sì.

Agbo ìrísí méjì kò bìkítà fún akọ àti abo: mare, mari, verde, verzi, dulce, dulci, rece, reci, fierbinte, fierbinți. Wọ́n rọrùn bí ẹ̀kọ mímu, ẹ fi wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Agbo tí kì í yí padà rárá kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọ̀ tí wọ́n yá láti èdè mìíràn: gri, roz, maro, bej, mov. Gata, tó túmọ̀ sí pé nǹkan ti ṣe tán, wà lára wọn, àti cumsecade, ọmọlúàbí.

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọ̀: tòmátì ni wọ́n ń pè ní roșii, ìyẹn "àwọn pupa". Àlùbọ́sà kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìkàn ní in. Vinete ni, láti ara vânăt, àwọ̀ ara tó ṣe bí ojú ìfarapa. Tí ẹ bá délé ọjà tí ẹ fẹ́ tòmátì tó pọ́n, roșii coapte ni kí ẹ béèrè.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó pín sí méjì tàbí mẹ́ta

Ibí ni iṣẹ́ wà jù, ibí náà ni Yorùbá ti ń gbe ọmọ rẹ̀.

Old. Bătrân ni fún ènìyàn àti ẹranko, vechi ni fún nǹkan. Un om bătrân ni arúgbó, o casă veche ni ilé àtijọ́. Àwa náà kì í sọ pé ilé darúgbó. Ẹ tún wo èyí: un prieten bătrân ni ọ̀rẹ́ tó ti dàgbà lọ́jọ́ orí, un prieten vechi ni ọ̀rẹ́ àtijọ́, tí ó lè jẹ́ ọmọ ogún ọdún péré.

Married. Căsătorit fún ọkùnrin àti căsătorită fún obìnrin ló wà nínú fọ́ọ̀mù ìjọba. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ènìyàn, obìnrin tó ti lọ́kọ ni măritată, ọkùnrin tó ti láya ni însurat. Obìnrin kì í jẹ́ însurată lẹ́nu wọn, gẹ́gẹ́ bí a kò ti í sọ pé obìnrin láya.

Full. Ife tó kún ni plin. Ẹni tó yó ni sătul, obìnrin ni sătulă. Tí ẹ bá jẹun tán nílé ẹni tó gbà yín lálejò, tí wọ́n tún ń bu sí i, Sunt sătul, mulțumesc ni kí ẹ wí. Wọn yóò ṣì bu díẹ̀ sí i.

Hot. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni apă caldă, èyí tó gbóná janjan ni apă fierbinte. Ata tó ń ta kì í ṣe cald, iute ni: ardei iute. Gẹ̀ẹ́sì ló pe ata ní hot. Yorùbá mọ̀ pé ata ń ta, kì í gbóná. Iute tún túmọ̀ sí yíyára.

Short. Ènìyàn kúkúrú ni scund, ọ̀nà tàbí ṣòkòtò kúkúrú ni scurt: o femeie scundă, pantaloni scurți.

Thin. Ènìyàn tó tín-ín-rín ni slab, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni subțire. Slab náà ni ohun tí kò lágbára: cafea slabă ni kọfí tí kò ki, elev slab sì ni ọmọ tí iṣẹ́ ilé ìwé ń dà láàmú. Òdìkejì kọfí yẹn ni cafea tare.

Dry. Wáìnì tí kò dùn ni vin sec, aṣọ tó ti gbẹ lórí okùn ni rufe uscate.

Brown. Bàtà ni maro, ojú ènìyàn ni căprui, irun ni șaten: pantofi maro, ochi căprui, păr șaten. Ẹni tó bá ní ochi maro kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.

Hard àti heavy. Greu gba wúwo àti ṣíṣòro pọ̀: o geantă grea ni àpò tó wúwo, un examen greu ni ìdánwò tó ṣòro. Ohun tó le lọ́wọ́ ni tare: un pat tare. Ușor ni òdìkejì greu, ó sì gba fífúyẹ́ àti ìrọ̀rùn lẹ́ẹ̀kan náà. Light ti àwọ̀ ni deschis, tó túmọ̀ sí "ṣíṣí". Dark ni închis, "títì". Verde deschis, verde închis. Ọ̀rọ̀ méjì yìí kan náà lẹ ó rí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Ibi méjì wà tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún Yorùbá fúnra rẹ̀. Èkíní ni dídùn. Ọbẹ̀ dùn, ṣúgà dùn, orin dùn, ọ̀rọ̀ dùn. Tí ẹ bá sọ fún ẹni tó se ciorbă, ọbẹ̀ kíkan wọn, pé ó dulce, yóò rò pé ṣúgà bọ́ sínú ìkòkò. Gustoasă tàbí foarte bună ni kí ẹ fi yìn ín. Èkejì ni pupa. Lọ́dọ̀ wa, pupa gba tòmátì, ó gba epo, ó gba arẹwà obìnrin tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Lọ́dọ̀ wọn, roșu ni ti tòmátì, galben ni ti ìyeyè, portocaliu ni ti ọsàn wọn. Ẹni tí ẹ bá pè ní roșie, ojú rẹ̀ ti pọ́n nítorí ìtìjú tàbí oòrùn nìyẹn. Obìnrin pupa tiwa ni o femeie cu tenul deschis.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìfiwéra

Ẹ yọ̀, torí ó rọrùn. Good, better, best dà bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò bára tan. Bun, mai bun, cel mai bun kò yí orí kúrò lára bun. Mai ṣáájú àpèjúwe, decât ṣáájú ẹni tí a fi wé: Bucureștiul este mai mare decât Clujul, Bucharest tóbi ju Cluj lọ. Mai puțin ni tí kò tó: mai puțin scump. La fel de înalt ca mine, ó ga tó mi.

Fún èyí tó borí gbogbo wọn, cel náà ń wọ aṣọ ìdílé: cel, cea, cei, cele. Òkè Moldoveanu, tó ga ní mítà 2,544, ni cel mai înalt vârf din România. Ààfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Bucharest, Palatul Parlamentului, wà nínú ìwé Guinness gẹ́gẹ́ bí ilé tó wúwo jù lọ láyé: cea mai grea clădire din lume. Clădire jẹ́ abo, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ cea àti grea. Cei mai buni studenți, cele mai ieftine roșii.

Foarte ni "gan-an", prea ni "jù", destul de ni "tó ìwọ̀n", cam ni "díẹ̀ díẹ̀". Ẹ má da foarte àti prea pọ̀ níwájú ẹni tó ń tajà: foarte scump ń sọ pé ó wọ́n gan-an, prea scump ń sọ pé ó ti wọ́n kọjá ohun tí ẹ lè san.

Ìgbésẹ̀ keje: Nígbà tí ohun náà bá jẹ́ èyí tí a mọ̀

The ti Gẹ̀ẹ́sì kì í dá dúró lọ́dọ̀ wọn, ìparí ọ̀rọ̀ ló ń lẹ̀ mọ́. Casă di casa, băiat di băiatul. Nínú ọ̀rọ̀ orúkọ àti àpèjúwe, ọ̀kan ṣoṣo ló ń gbé àmì yìí, èyí tó bá wà níwájú: casa frumoasă, tàbí frumoasa casă. Ẹ má fi sí méjèèjì.

Máàpù ilẹ̀ náà kún fún àpẹẹrẹ. Òkun Dúdú ni Marea Neagră. Marea ibẹ̀ ni "òkun", kì í ṣe mare tí í ṣe ńlá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà wọn kò yàtọ̀. Ní Brașov, Biserica Neagră, Ṣọ́ọ̀ṣì Dúdú, gba orúkọ rẹ̀ látinú iná tó jó o ní 1689. Ìlú Baia Mare wà ní àríwá.

Àwọn ọba ńkọ́? Cel ni wọ́n fi ń so oríkì mọ́ orúkọ. Ștefan cel Mare, Ștefan Ńlá, jọba Moldavia, ìjọba àtijọ́ kan, láti 1457 di 1504. Alexandru cel Bun jọba níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, 1400 sí 1432. Mircea cel Bătrân jọba ní Wallachia, ìjọba àtijọ́ mìíràn; bătrân tirẹ̀ kì í ṣe pé ó ti gbó, "àgbà" ni, kí wọ́n má baà ṣì í mú fún Mircea tó dé lẹ́yìn.

Ìlò kan ṣì kù tí ẹ ó bá pàdé: tí abo kan bá ni nǹkan, tàbí tí a fún un ní nǹkan, àpèjúwe rẹ̀ á gba ìrísí ọ̀pọ̀. Ușa casei vechi, ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ náà. Unei fete frumoase, fún ọmọbìnrin arẹwà kan. Akọ kò yí padà níbẹ̀: unui băiat bun.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ibi tí àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì kì í ti í ṣe àpèjúwe

I am hungry. Ẹni tó bá tú u ní ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan yóò wá àpèjúwe lọ. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ebi ló ń pa wá, òtútù ló ń mú wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn:

Ebi ń pa mí: Mi-e foame.
Òùngbẹ ń gbẹ mí: Mi-e sete.
Òtútù ń mú mí: Mi-e frig.
Ooru ń mú mí: Mi-e cald.
Oorun ń kùn mí: Mi-e somn.
Ẹ̀rù ń bà mí: Mi-e frică.

Tí ẹ bá ní Sunt rece, ọkàn yín ló tutù sí ènìyàn nìyẹn. I am right ni Am dreptate, mo ní ẹ̀tọ́. Ọjọ́ orí náà kò gba old: Am douăzeci de ani ni ti ẹni ogún ọdún.

Ẹ sì ya bun sọ́tọ̀ kúrò lára bine. Ẹni tó béèrè àlàáfíà yín, Sunt bine lẹ ó dá a lóhùn. Sunt bun ń sọ pé ọmọ dáadáa ni yín, tàbí pé ẹ mọ iṣẹ́ yín. Tí àpèjúwe bá ń ṣàlàyé bí a ṣe ṣe nǹkan, ìrísí akọ kan ló máa wà láìyí: Ea este frumoasă, ó rẹwà, Ea cântă frumos, ó ń kọrin dáadáa.

Àwọn tó jọ Gẹ̀ẹ́sì lójú, tí wọn kì í ṣe é

Sensibil kì í ṣe sensible. Ẹni tí nǹkan tètè ń dùn ni. Nervos ni ẹni tí inú ń bí tàbí tí ara ń gbóná, kì í ṣe ẹni tí àyà ń já nítorí ìdánwò. Emoționat ló sún mọ́ ìyẹn. Actual ni ti ìsinsìnyí: președintele actual ni ààrẹ tó wà lórí oyè. Larg ni fífẹ̀, kì í ṣe títóbi. Ordinar ló burú jù nínú wọn, torí ẹni tí ẹ bá pè bẹ́ẹ̀, ẹ ti bú u pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Obișnuit ni ohun tó wọ́pọ̀, tí kò ní ẹ̀bi.

Bí ẹ ó ṣe máa dán ara yín wò

Fún àpèjúwe tuntun kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ọ̀rọ̀ orúkọ mẹ́ta, akọ kan, abo kan, ìdílé kẹta kan, kí ẹ so wọ́n pọ̀ ní ẹyọ àti ní ọ̀pọ̀, kí ẹ sì kà á sókè. Ìkànnì dexonline.ro jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń tò gbogbo ìrísí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ bo apá ọ̀tún ìlà wọ̀nyí, kí ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò:

ìyá arúgbó kan: o femeie bătrână
fóònù wíwọ́n méjì: două telefoane scumpe
àwọn ọmọkùnrin gíga: băieți înalți
bàtà aláwọ̀ pupa: pantofi roșii
bàtà aláwọ̀ eérú: pantofi gri
omi tó gbóná janjan: apă fierbinte
búrẹ́dì tuntun láti inú ààrò: pâine proaspătă
mo ti yó (obìnrin ló ń sọ̀rọ̀): Sunt sătulă.
àpò tó wúwo jù lọ: cea mai grea geantă
ilẹ̀kùn ilé tuntun náà: ușa casei noi

Ẹni tó bá kọ scumpi sí ìlà kejì, ìdílé kẹta kò tíì yé e. Kó padà sí ìgbésẹ̀ kẹta. Ẹni tó bá kọ nouă sí ìlà tó gbẹ̀yìn kò jìnnà sí i, ìparí ìgbésẹ̀ keje ló fò.